Kámẹ́rà lórí katapílà: ohun tó lè rí nípa bọ́kẹ́ẹ̀tì àti hámà yín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Katapílà mẹ́ta ni ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó lọ. Èmi àtàwọn ọmọ la ń yá wọn fún àwọn tó ń kọ́lé àtàwọn tó ń lànà ní Ìbàdàn. A ní bọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún, hámà méjì tó ń fọ́ àpáta, àti ẹ̀rọ ìlulẹ̀ kan. Hámà máa ń bá katapílà lọ sí sáìtì torí a kì í mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹni tó sanwó bọ́kẹ́ẹ̀tì á wá so hámà lẹ́yìn mi, n kò ní mọ̀ títí họ́ọ̀sì á fi bẹ́. Lóṣù tó kọjá, bọ́kẹ́ẹ̀tì wa já páìpù omi àdúgbò kan, àwa la sanwó rẹ̀. Ọmọ mi ní kámẹ́rà wà tó lè máa tọpa ohun tó wà lẹ́nu apá katapílà. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà, ibo ni kí wọ́n so ó mọ́?" Láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìwó Road, Ìbàdàn.

Màmá, ẹ kú àbójútó, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn bàbá á dára.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Kámẹ́rà lè tọpa ohun tó wà lẹ́nu apá katapílà, mo sì ti bá àwọn èèyàn so ó mọ́ tiwọn nígboro Ìbàdàn yìí. Àmọ́ ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ dì wọ́n sínú ẹrù kan ṣoṣo. Èkíní: kí ló wà lẹ́nu apá yẹn báyìí, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àbí hámà? Èkejì: níbo gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà, báwo ló sì ṣe wọlẹ̀ tó? Àwọn kan tó ń ta kámẹ́rà mọ èkíní dáhùn, wọ́n á wá gba owó èkejì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà kí ẹ tó náwó.

Èkíní rọrùn. Ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́rin dúró síwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti hámà, á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán kámẹ́rà náà á mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá ti fi àwòrán tó pọ̀ tó kọ́ ọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó àwòrán yẹn jọ: katapílà tó mọ́ rekete, ní ìlú òyìnbó, lójú ọ̀sán gangan. Tiyín ńkọ́? Eruku pupa ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀ tó ń wà ti di àwọ̀ kan náà. Láti ibi tí kámẹ́rà yóò wà gan-an ni kí wọ́n ti ya àwòrán tí wọ́n máa fi kọ́ ọ, kí wọ́n yà á lówùúrọ̀ tí ìrì ṣì wà, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá kọjú sí lẹ́ńsì, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ bí àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan kò bá tó 300.

Mo mọ ìdí tí hámà yín fi ń bá katapílà jáde. Ilẹ̀ Ìbàdàn máa ń tanni. Yangí ló wà lókè, bọ́kẹ́ẹ̀tì á máa bù ú bí ẹni ń bu ẹ̀bà. Ní mítà kan tàbí méjì sísàlẹ̀, àpáta á ti yọjú. Ẹni tó yá katapílà lè má ní in lọ́kàn láti rẹ́ yín jẹ nígbà tó ń sanwó. Àpáta ló bá pàdé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, hámà sì wà nítòsí. Nítorí náà, ohun tó máa yanjú ọ̀rọ̀ yín ni àkọsílẹ̀ wákàtí: wákàtí mélòó ni bọ́kẹ́ẹ̀tì fi ṣiṣẹ́, mélòó ni ti hámà, kí ẹ lè kọ ìwé owó bó ṣe yẹ láìsí ìjà.

Fún ìyẹn, àwòrán kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ wákàtí 10, àwòrán 600 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 200 KB, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120 MB, ohun tí síìmù fóònù lásán lè fi ránṣẹ́. Fídíò tó ń yí láìdúró ní 4 Mbps (ìwọ̀n dátà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á tó 18 GB láàárín wákàtí 10 yẹn kan náà. Ta ló fẹ́ jókòó wò ó? Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa sanwó dátà fídíò lóṣooṣù nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí, ẹ má gbà.

Ohun kan wà tí kámẹ́rà kò ní bá yín ṣe níbí. Kò ní mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kan yàtọ̀ sí èkejì bí méjì bá jọra bí ìbejì. Ẹ pe wẹ́dà kó fi irin jó nọ́ńbà ńlá sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó yọ sókè. Ọ̀dà á ha kúrò, nọ́ńbà tí wọ́n jó á ṣì wà níbẹ̀ tí mọ́tọ̀ bọ́ì á fi ọwọ́ nù ún. Ẹ lè fi àmì Bluetooth kékeré kún un, irú èyí tó ń lo bátìrì tó sì ń kéde ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wà nínú katapílà. Kí wọ́n so ó síbi tí òkúta kò ti lè gbá a, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dé e mọ́nú irin pátápátá, torí irin kì í jẹ́ kí rédíò jáde. Àmì yẹn á sọ fún yín pé hámà kejì wà nítòsí katapílà. Kò lè sọ bóyá ẹnu apá ló wà tàbí ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí. Kámẹ́rà ló máa sọ ìyẹn.

Ìbéèrè kejì ló gba ìrònú, òun ló sì ti jẹ mí lówó jù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́bàá Mọ́níyà, mo lẹ àmì dúdú-funfun mọ́ ẹ̀yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ohun tí mo fẹ́ tọpa ni mo gbọ́dọ̀ máa wò. Kó tó di aago mẹ́wàá, ẹrẹ̀ ti bò ó. Mo fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di aago méjì, òkúta ti ha á dànù. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, mo ń wo katapílà yẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Apá katapílà dà bí apá èèyàn. Ó ní èjìká níbi tó ti so mọ́ ara, ó ní ìgbọ̀nwọ́ láàárín, ó ní ọrùn ọwọ́ níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì so mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń wọ ẹrẹ̀. Apá òkè kì í wọ̀ ọ́ rárá. Apá ìsàlẹ̀, àti irin kékeré tó so jáàkì mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, máa ń wà lókè ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ìyàwó ilé bá ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ẹ kò rí ìka rẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí ẹ bá ń wo èjìká rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti bó ṣe tẹ ọrùn ọwọ́, ẹ mọ̀ bóyá ó ti kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ wo katapílà tó bá ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú odò Ògùnpa, odò tó ṣọṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980: bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ omi, kò sí kámẹ́rà tó lè rí i níbẹ̀. Apá rẹ̀ wà lókè tí gbogbo ayé ń rí.

Nítorí náà, apá ni kí kámẹ́rà máa wò. Kí ojú kámẹ́rà lè mú un dáadáa, a máa ń so àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun mọ́ apá náà, ọ̀kan sí apá òkè, ọ̀kan sí apá ìsàlẹ̀, ọ̀kan kékeré sí irin jáàkì yẹn. Àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹ máa sanwó fún. Edwin Olson ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, gbé irú kan tí wọ́n ń pè ní AprilTag jáde ní 2011. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Córdoba ní Sípéènì gbé ArUco jáde ní 2014. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ wọ́n. Ẹ má lo bébà, ẹ má lo sítíkà. Kí oníṣẹ́ àmì ojú pópó kùn ún sórí pátákó alumíníọ̀mù pẹ̀lú ọ̀dà tí kì í dán, torí ọ̀dà tó ń dán á gba oòrùn wọ ojú kámẹ́rà, dúdú á sì di funfun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan fún yín, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń parọ́ fún yín nípa bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe ń wọn nǹkan tó. Ká ní kámẹ́rà yín ní lẹ́ńsì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1000 píksẹ́lì (píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán). Ìyẹn ni pé ohun tó fẹ̀ ní mítà kan, tó wà ní mítà kan sí i, á gba píksẹ́lì 1000. Àmì tó fẹ̀ ní 20 cm, tó wà ní mítà 6 sí i, máa gba nǹkan bíi píksẹ́lì 33 nínú àwòrán. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣi píksẹ́lì kan péré, lórí ọ̀ràn ọ̀tún tàbí òsì àmì náà, àṣìṣe yẹn kò ju 6 mm. Bí píksẹ́lì kan yẹn bá ṣì nínú fífẹ̀ àmì náà, tí a sì ń fi fífẹ̀ yẹn mọ bó ṣe jìnnà tó, àṣìṣe á di nǹkan bíi 18 cm. Ìwọ̀n kan náà ní píksẹ́lì, àmọ́ èkejì fi ọgbọ̀n ìgbà pọ̀ ju èkíní lọ. Kámẹ́rà mọ ohun tó ń rékọjá níwájú rẹ̀ dáadáa. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń súnmọ́ ọn tàbí tó ń jìnnà sí i.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé ẹ̀gbẹ́ ni ká ti máa wo apá. Lórí katapílà tó ń walẹ̀, ilé ọpirétọ̀ wà lápá òsì, apá wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Orí ilé ọpirétọ̀, ní igun tó jìnnà jù sí apá, ni mo máa ń so kámẹ́rà àkọ́kọ́ mọ́. Bó ti wù kó rí, ìwòkọrọ̀ ló ṣì máa jẹ́. Àǹfààní tá a ní ni pé apá kì í ṣe bó ṣe wù ú. Gígùn apá òkè kò yí padà, ti ìsàlẹ̀ kò yí padà, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ kàn ń ṣí bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí lórí hínjì. Ẹni tó bá kọ ètò kọ̀ǹpútà náà dáadáa kò ní béèrè lọ́wọ́ kámẹ́rà pé báwo ni àmì ṣe jìnnà tó; ìwọ̀n igun ni ó máa béèrè, ìyẹn bí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe ṣí tó: ti èjìká, ti ìgbọ̀nwọ́, ti ọrùn ọwọ́. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ta á fún yín pé ṣé ó fi gígùn apá katapílà yín sínú ètò rẹ̀. Bí kò bá lóye ìbéèrè náà, ẹ dìde.

Igun náà ní ewu tirẹ̀. Dígíríì kan péré tó bá ṣì ní èjìká, bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà ní mítà 8, á di 14 cm lẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kòtò bá sì jìn gan-an, apá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú á wọlẹ̀ kúrò lójú kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi sẹ́ńsọ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀ kún un, irú èyí tó wà nínú fóònù tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti dà á délẹ̀. Ọ̀kan sí apá òkè, ọ̀kan sí apá ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà lẹ béèrè, àmọ́ èrò mi ni pé bí ẹ bá nílò àṣìṣe tó kéré sí 5 cm, sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ fi ṣe olórí, kí kámẹ́rà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí 20 cm bá tó yín, kámẹ́rà kan tí wọ́n so dáadáa lè ṣe é.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè méjèèjì tún ń pàdé níbí. Ẹnu hámà gùn ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì kọjú síbòmíràn. Bí ètò bá rò pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́nu apá nígbà tó jẹ́ hámà ni, gbogbo ìwọ̀n á ṣì, ọpirétọ̀ á sì gbà á gbọ́. Kí wọ́n fi tépù wọn bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti píìnì dé orí eyín, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lóṣooṣù, torí yangí àti òkúta Ìbàdàn ń jẹ eyín.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ ri òpó sílẹ̀ nínú sáìtì, kí kámẹ́rà máa wò látibẹ̀. Bí katapílà bá ń yí ní ìyípo 10 ní ìṣẹ́jú kan, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì sì na jáde ní mítà 8, ó ń sáré ju mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà tó ṣíjú fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá á rí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sún ní 8 cm nínú àwòrán kan ṣoṣo, àwòrán á fà bí ẹni fi ọwọ́ pa tádàá. Kámẹ́rà tó wà lára katapílà ń bá apá yí ni, kò ní ìṣòro yìí.

Ní ti páìpù yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín. Kámẹ́rà kì í rí inú ilẹ̀. Ó lè sọ pé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì ti dé mítà kan ó lé díẹ̀ sísàlẹ̀. Kò mọ̀ pé páìpù wà níbẹ̀. Ẹni tó máa mọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ omi ìjọba, àwọn àgbà àdúgbò, àti ẹni tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kékeré wò kí katapílà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí páìpù wà, ìgbà yẹn ni kámẹ́rà wúlò: wọ́n lè fi ààlà sí i pé bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ku 50 cm, kí agogo dún, kí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ èyí tó kù.

Kí wọ́n tó lo kámẹ́rà, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn lẹ́ńsì rẹ̀, torí gbogbo lẹ́ńsì ló ń mú kí àwòrán wọ́ díẹ̀. Ọ̀nà tí Zhengyou Zhang, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ jáde ní 2000 la ṣì ń lò: ẹ tẹ àwòrán onígun dúdú-funfun bíi ti pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ ya á ní nǹkan bí ogún ìgbà láti oríṣiríṣi ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí wọ́n tún un ṣe.

Èwo lẹ máa rà? Kámẹ́rà tí wọ́n kọ IP69K sí lára, èyí tí eruku kò lè wọ̀, tí omi gbígbóná tí wọ́n fi agbára tú kò sì lè bà jẹ́. Èyí tó ń ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ béèrè, tí wọ́n ń pè ní global shutter, torí èyí tó ń kà á ní ìlà dé ìlà máa ń tẹ àwòrán wọ́gọwọ̀gọ bí hámà bá ń gbá. Katapílà ńlá ń lo 24 volt, kámẹ́rà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lo 12. Kí rìwáyà wo ìyẹn dáadáa, kó fi fíúsì sí i. Kí mọ́tọ̀ bọ́ì da omi sí lẹ́ńsì kó tó nù ún. Eruku yangí tí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ń ha gíláàsì bí sáńpépà.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn èèyàn. Ẹ pe ọpirétọ̀ yín jókòó kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ katapílà. Ẹ sọ fún un pé apá ni kámẹ́rà ń wò, pé kò kọjú sí ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn án. Òfin ìdáàbòbò dátà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2023 kan àwòrán òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ gbé ojú àwòrán kékeré kan síwájú rẹ̀ kí òun náà jẹ nínú àǹfààní rẹ̀, torí apá katapílà ń dí i lójú lọ́tùn-ún, ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ló sì ń ti ibẹ̀ wá. Ọpirétọ̀ tó bá rí i pé kámẹ́rà ń ran òun lọ́wọ́ ni yóò máa nù ún. Èyí tó bá rò pé amí ni, ẹrẹ̀ kò ní tán lójú rẹ̀.

Ẹ sì mọ bí Ìbàdàn ṣe rí. Bí katapílà bá ti ń walẹ̀ ní àdúgbò, àwọn ọmọdé á ti pé jọ, aláàkàrà á ti gbé àtẹ rẹ̀ wá. Kámẹ́rà tí wọ́n kọ́ láti mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ ọmọdé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè yọ ẹni tó ń dúró nílẹ̀ pẹ̀lú àsíá kúrò torí pé ẹ ti ra kámẹ́rà. Kó dúró síbẹ̀, kó ní fèrè, kí okùn yí ibi iṣẹ́ ká.

Katapílà kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń gbé hámà jáde jù, kí ẹ sì kọ́kọ́ yanjú ìbéèrè àkọ́kọ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìwé owó yín bá ti ń bá àwòrán mu, ẹ lọ sí ìbéèrè kejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ti ìbéèrè kejì tán, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ọpirétọ̀ gbé eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní mítà 4, ní 6, ní 8, kó tún ki í bọ inú kòtò tí ẹ ti fi tépù wọn jíjìn rẹ̀. Kí ọmọ yín kọ ohun tí tépù sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó kọ ohun tí kámẹ́rà sọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí wọ́n tú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n so hámà, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí ìyàtọ̀ bá ju 20 cm lọ níbìkan, ẹ mú owó tó kù dání. Kí ẹ tún padà ṣe é lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì fọ lẹ́ńsì.